Ilẹ̀ Tó Ń Ka Orúnkún

Díẹ̀ ló kù kí orúnkún Títílọ́pẹ́ kanlẹ̀ tí mo fi ìgùnpá gún un níhà.

"Yéè! Àǹtí Ìbírónkẹ́, kí ni mo tún ṣe?"

"O tún ń bi mí! Bàbá agbálẹ̀ kọjá níwájú ẹ, o ti ń tẹ̀ ba bí ìyàwó tuntun. Ṣé o ti gbàgbé ibi tí a wà ni?"

"Mo kàn fẹ́ kí wọn kú iṣẹ́ ni."

"Fi ẹnu kí wọn. Ẹnu nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa níbí."

Kò tíì dá mi lóhùn tí Olófòófó fi sọ̀rọ̀ láti òkè àjà. Olùṣọ́ Ìpàdé ni orúkọ tí ìjọba sọ ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìlú Ẹ̀bádò Tuntun. Ohùn obìnrin ló ní, ohùn tútù bíi ti ẹni tí ìyà ò jẹ rí.

"Káńsẹ́lọ̀ Títílọ́pẹ́ Ọdẹ́yalé, orúnkún yín ti sún mọ́lẹ̀. Agogo yóò lù láìpẹ́. Ẹ rántí Òfin Kejìlá."

Àwọn ará Òkè-Ìmọ́lẹ̀, àdúgbò olówó, tó kún ìjókòó òkè bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Ẹ jẹ́ ó kúnlẹ̀ jàre! Kó yáa kúnlẹ̀ kó máa lọ sílé!" Mo gbójú sókè, mo wò ó títí ó fi gbé ojú ẹ̀ sọ́nà mìíràn. Ọjọ́ burúkú lọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi náà ò sì wá bá ẹnikẹ́ni ṣeré.

Alàájì Sàláwù, tó jókòó lápá òsì mi, mi orí. "Ẹ má bínú sí ọmọ yìí. Kò sẹ́ni tí ilẹ̀ yìí ò lè mú."

Òun gan-an ló yẹ kó wí bẹ́ẹ̀. Ní ìpàdé tó kọjá, tẹ̀sùbáà rẹ̀ já bọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, orúnkún rẹ̀ fara kan ilẹ̀ fíírí, ilẹ̀ sì pọ́n kuku lábẹ́ rẹ̀. Ta ló dúró níwájú rẹ̀ lásìkò náà? Dáramọ́lá. Ni Olófòófó bá kéde pé Káńsẹ́lọ̀ Sàláwù ti kúnlẹ̀ fún Káńsẹ́lọ̀ Dáramọ́lá, nítorí náà ìbò rẹ̀ ti kú lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbà ìbò tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, tó máa ń tan iná búlúù, ṣú dùdù. Alàájì fi Ọlọ́run búra, ó fi Kùránì búra, ó na tẹ̀sùbáà sókè kí òrùlé lè rí i. Òrùlé ò mọ tẹ̀sùbáà. Bí a ṣe pàdánù ìbò ọjà ẹja nìyẹn.

"Ẹ so ó mọ́ ọrùn lónìí o," mo wí fún un.

"Ilé ni mo fi í sí. Mi ò ṣe mọ́."

Kì í ṣe pé òfin náà burú níbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ n sòótọ́. Láyé àwọn bàbá wa, káńsẹ́lọ̀ á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá ìsàlẹ̀ rẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn, á dìde, á gbọn eruku kúrò láyà, á wá dìbò bí wọ́n ṣe ní kó dì í. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe Òfin Kejìlá, pé kí ilẹ̀ máa ka orúnkún àti àyà káńsẹ́lọ̀, kí ìbò ẹni tó bá fi èyíkéyìí kanlẹ̀ sì kú lọ́jọ́ náà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn tí wọ́n fi ń de olè, olè ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi í de olóko.

Omi ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Àbá tèmi ni: kí wọ́n má gé páìpù Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn. Láti ìgbà tí òkun ti gba etídò ni iyọ̀ ti wọ gbogbo kànga àdúgbò náà, páìpù kan ṣoṣo yẹn sì ni tọmọdé tàgbà ń mu. Alága fẹ́ gé e, kó yí i lọ sí Òkè-Ìmọ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ilé olówó tí ògiri wọn ń tú omi tútù jáde. Èmi, Alàájì àti Títílọ́pẹ́ wà lápá kan. Dáramọ́lá àti Ewéjẹ wà lápá kejì. Mẹ́ta sí méjì ni. Ṣùgbọ́n bí ìbò ẹnì kan nínú wa bá kú, ó di méjì sí méjì, Alága ni yóò sì fi tirẹ̀ parí ẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí yóò parí ẹ̀ sí.

Agogo lù. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn funfun báláú láti ògiri dé ògiri. Gbogbo wa dìde, a na ẹ̀yìn ṣánṣán, Alága Akínfẹnwá sì wọlé.

Ọkùnrin náà kì í pariwo, kì í bú èèyàn. Ìwé òfin ló fi ń nà wá. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀, ó mọ ibi tí kòtò wà, ó mọ ibi tí èèyàn lè sá pamọ́ sí. Ó jókòó, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí Olófòófó ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá.

Olófòófó kà á dé ibì kan, ó ní, "Káńsẹ́lọ̀ Ìbírónkẹ́ Adéèyọ̀ sọ pé Alága ò nítìjú."

Mo nawọ́. "Alága, mo fẹ́ àtúnṣe. Ohun tí ìpàdé bá pinnu ló yẹ kó wọ àkọsílẹ̀, kì í ṣe èébú."

"Ṣé ẹ sọ ọ́ àbí ẹ ò sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́."

"Ṣé ẹ ti yí èrò yín padà ni?"

"Ó tì o."

"A jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n kọ. Ta ló dábàá pé kí á gbà á wọlé?"

Dáramọ́lá dábàá, Ewéjẹ kín in lẹ́yìn, ó parí. Èmi ni mo wá ń wo ara mi bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá létí.

"Ọ̀rọ̀ tó kàn," Alága wí, "páìpù Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn. Kí ẹlẹ́rìí àdúgbò wọlé."

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Orúkọ Baálẹ̀ ni a fi ránṣẹ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kò bá mi tan, tí kò sì mọ̀ mí ju ojú lásán lọ. Màá kí i lórí ìdúró, á dá mi lóhùn, á rojọ́ tirẹ̀, á máa lọ. Ilẹ̀kùn ṣí. Kì í ṣe Baálẹ̀ ló wọlé.

Ọ̀gá mi ni.

"Háà," Alàájì mí kanlẹ̀. "Wọ́n ti rí wa mú."

Ìyá Wúrà ni mò ń sọ, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ kí n tó bọ́ sínú òṣèlú. Nígbà tí wọ́n mú mi lọ bá a, mi ò mọ ìyàtọ̀ sípánà sí ṣíbí ọbẹ̀. Ó nà mí, ó bọ́ mi, ó sọ mí dèèyàn. Lọ́jọ́ tí mo gba fìríídọ̀mù, lójú gbogbo ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ibikíbi tí mo bá ti pàdé rẹ̀, ìbáà ṣe lójú títì, ìbáà ṣe níwájú ọba, màá kúnlẹ̀ kí i. Gbogbo ọmọṣẹ́ wa ló ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ yẹn. Ẹni tó bá dà á, ẹgbẹ́ ò ní í dá a lóhùn mọ́ bó bá kí wọn. Èmi ò dà á rí. Mo ti kúnlẹ̀ fún obìnrin yìí nínú ẹrọ̀fọ̀, mo ti kúnlẹ̀ fún un nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń mì, pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ nínú.

"Alága, orúkọ Baálẹ̀ la fi ránṣẹ́!"

"Òfin Kọkàndínlógún, Káńsẹ́lọ̀. Alága lè pe ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé àdúgbò náà. Àbí Màmá kì í gbé Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mọ̀. Tajá tẹran ní Ẹ̀bádò Tuntun ló mọ ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọkùnrin yìí jókòó sílé rẹ̀, ó ro ohun tí mi ò ní lè ṣàìṣe, ó sì rán ọkọ̀ ìjọba lọ gbé e wá.

"Ó dáa. Kí wọ́n ka Òfin Kejìlá sí Màmá létí kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tí a pè sípàdé ní ẹ̀tọ́ láti mọ òfin ìpàdé."

"Kí agogo tó lù, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n agogo ti lù. Òfin Ogún: bí ìpàdé bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi òfin ye ẹlẹ́rìí, kò gbọdọ̀ fi ẹnu, ọwọ́ tàbí ojú júwe fún un. Ẹni tó bá ṣe é, ìbò rẹ̀ kú." Ó gbé ọwọ́ kan lé èkejì. "Ẹ mú sùúrù, Káńsẹ́lọ̀. Ìpàdé là ń ṣe."

Ọ̀gá mi ń bọ̀ láàárín gbọ̀ngàn, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àga ẹlẹ́rìí wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kò wò ó. Ọ̀dọ̀ mi ló forí lé. Ó dé iwájú mi, ó dúró, ó sì ń retí.

Mo ti dìde láì mọ̀ pé mo dìde. Ṣé ẹ mọ̀ pé orúnkún ní iyè tirẹ̀? Tèmi ò béèrè lọ́wọ́ mi. Ó ti ń tẹ̀ fúnra rẹ̀, mo sì rí i tí ilẹ̀ abẹ́ mi ń di yẹ́lò.

"Káńsẹ́lọ̀ Ìbírónkẹ́ Adéèyọ̀, orúnkún yín ti sún mọ́lẹ̀."

Mo di etí tábìlì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo na ẹsẹ̀ mi. Ilẹ̀ padà di funfun.

"Ẹ káàsán, Ọ̀gá mi," mo wí.

Ó wò mí látòkè délẹ̀, bí ó ṣe máa ń wo ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́ kó tó fọwọ́ kàn án.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ káàsán, mà."

"Lórí ìdúró."

Ìjókòó òkè gbiná. "Ṣiọ̀!" "Ó ti di káńsẹ́lọ̀, kò mọ ẹni tó bọ́ ọ mọ́!" "Ojú tì ẹ́ o!" Wọ́n mọ òfin o! Wọ́n mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Wọ́n kàn ń gbádùn ara wọn ni. Ṣùgbọ́n mo rí Bàbá Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀, òun kì í ṣe ará Òkè-Ìmọ́lẹ̀, kì í sì í fi èèyàn ṣẹ̀sín. Ó rọra dìde, ó kẹ̀yìn sí mi, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ìyẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo ṣiọ̀ lọ.

"Káńsẹ́lọ̀, ààyè wà o," Alága wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Bí ẹ bá fẹ́ kí Màmá bó ti yẹ kí ọmọlúàbí kí ni, kò sẹ́ni tó so yín lọ́wọ́."

Títílọ́pẹ́ fa aṣọ mi. Omijé ti kún ojú rẹ̀. "Àǹtí, ẹ kúnlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò lè wò ó."

"Pa ẹnu ẹ dé."

"Ìyá àgbà ni wọ́n o!"

"Mo ní pa ẹnu ẹ dé!"

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí mo bá kúnlẹ̀, omi lọ, ilé tirẹ̀ gan-an wà lára ilé tí ẹnu páìpù máa gbẹ. Òùngbẹ ni mo fi kí i yẹn. Bí mi ò bá sì kúnlẹ̀, mo ti sọ fún un lójú gbogbo ìlú pé kò kọ́ mi ní nǹkan kan. Mi ò sì gbọdọ̀ ṣẹ́jú sí i. Mi ò gbọdọ̀ mi orí. Mo wò ó tààrà, mo sì ṣe ojú mi bí ojú òkúta, mo kórìíra Akínfẹnwá débi pé ẹnu mi korò.

"Ó dáa náà," Ọ̀gá mi wí. "Mo ti rí ẹ."

Ó yí padà, ó lọ síbi àga ẹlẹ́rìí. Kò jókòó lé e.

"Omi ni wọ́n ní kí n wá sọ," ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi jó oríkèé páìpù yẹn pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì ń tọ̀ sílé. Ìyá ọlọ́mọ tuntun ló wà ní ògiri kejì mi. Ọjọ́ tí ẹ ti páìpù fún àtúnṣe, ẹ ní ọjọ́ kan péré ni, ó fi omi kànga wẹ ọmọ. Ara ọmọ bó. Mo fi etí ara mi gbọ́ igbe ọmọ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ fẹ́ gé e pátápátá. Ẹ gé e. Ẹ gé e kí ẹ wá máa sùn bí ẹ bá lè sùn."

Alága ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára.

"A ti gbọ́, Màmá. Ìbéèrè kan péré. Nínú gbogbo àwa tí ẹ ń wò yìí, ta lẹ fọkàn tán pé ó lè dúró tì yín lórí ọ̀rọ̀ omi?"

Ọ̀gá mi wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo Dáramọ́lá, ó wo Ewéjẹ, ó wo Alàájì, ó wo Títílọ́pẹ́ tó ń fi ìka nu ojú. Ó wò mí, ojú rẹ̀ ò dúró lára mi.

"Kò sí," ó wí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bí ó ṣe rí lára mi.

"Ó tó ìbò," Alága wí.

A gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbà. Mo tẹ tèmi débi pé ó wọ mí lára. Olófòófó kà á: Adéèyọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Sàláwù, bẹ́ẹ̀ ni. Ọdẹ́yalé, bẹ́ẹ̀ ni. Dáramọ́lá, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ewéjẹ, bẹ́ẹ̀ kọ́. Mẹ́ta sí méjì. Kí wọ́n má gé páìpù Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn.

Alàájì fẹ́ pàtẹ́wọ́, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ti rí ojú Alága. Ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun kọ́ ni.

"A ti gbọ́ iye," ó wí. "Ẹ rántí pé ìbò kì í fìdí múlẹ̀ títí agogo ìparí yóò fi lù. Kí ẹnikẹ́ni má kánjú. Màmá, ẹ lè máa lọ, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀."

Ọ̀gá mi fi ọ̀pá rẹ̀ ti àga. Ó di apá àga mú. Mo rò pé ó fẹ́ jókòó ni. Ó sọ orúnkún kan kalẹ̀, ó sinmi, ó sọ èkejì kalẹ̀. Ilẹ̀ ò pọ́n. Ti ẹlẹ́rìí ò kàn án.

Èmi ló kọjú sí.

"Ẹ ṣeun, Káńsẹ́lọ̀," ó wí. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìjọba. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ obìnrin yìí, kò fi "ẹ" pè mí rí. Àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọ tó tọ́! Mo gbọ́ tí Alàájì ń wí lábẹ́lẹ̀ pé, "Àsítáfúrúláì, àsítáfúrúláì." Bí mo bá sáré lọ gbé e dìde, mo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, orúnkún mi á kanlẹ̀, mo mọ ara mi. Ìbò ò sì tíì fìdí múlẹ̀.

"Alága! Mo dábàá kí ìpàdé parí!"

"Ẹni tó ni àbá ọjọ́ kan kò lè dábàá ìparí ọjọ́ náà."

"Èmi dábàá!" Títílọ́pẹ́ ké.

"Mo kín in lẹ́yìn!" Alàájì ti wí kí ọmọ náà tó pa ẹnu dé.

"Ó dáa, mo gbà á," Alága wí. "A ó pa ìpàdé dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ló ṣáájú ìparí nínú ètò, ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí ètò ọ̀hún láàárọ̀. Ta ló ní ọ̀rọ̀ mìíràn?"

Alága yí ojú sí Dáramọ́lá, ó sì dúró dè é. Dáramọ́lá rọra nawọ́.

"Alága, ọ̀rọ̀... ọ̀rọ̀ àga ni."

"Àga wo?"

"Àga inú gbọ̀ngàn yìí. Tìmùtìmù wọn ti rọ̀."

Iná ọ̀rọ̀ tàn níwájú rẹ̀. Títí iná yẹn yóò fi kú, kò sẹ́ni tó lè já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ń sọ nípa tìmùtìmù. Ó ní ti aláwọ̀ ewé dára ju ti aláwọ̀ eérú lọ. Ó ní káfíńtà kan wà tó ń ṣe dáadáa. Ọ̀gá mi wà lórí ilẹ̀ tó le, itan rẹ̀ ti ń gbọ̀n lábẹ́ ìró, kò sì bojú wẹ̀yìn. Títílọ́pẹ́ sáré lọ bá a lórí ìdúró, ó na ọwọ́ sí i. Ọ̀gá mi gbọn ọwọ́ náà dànù.

"Fi mí sílẹ̀. Ìwọ kọ́ ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Dáramọ́lá bojú wò ó. Òun náà ní ìyá nílé. "Alága, mo rò pé ó tó báyìí," ó wí.

"Iná yín ò tíì kú," Alága dá a lóhùn. "Ẹ tún ọ̀rọ̀ ti aláwọ̀ ewé yẹn sọ, kò yé mi tó."

Ó tún un sọ. Ọkùnrin tó tó bàbá èèyàn, ó ń sọ̀rọ̀ tìmùtìmù pẹ̀lú ohùn ẹni tó fẹ́ sunkún. Mo dúró. Ẹni tó bá ní mi ò lójú àánú kó máa wí lọ, mo dúró, mo na orúnkún mi méjèèjì títí wọ́n fi ń ro mí, mo wo ìyá tó tọ́ mi lórí ìkúnlẹ̀, mo sì ń ka orúkọ àwọn ilé tó wà lójú páìpù yẹn nínú ọkàn mi kí n má baà ṣubú.

Iná kú. Agogo lù.

"Ìpàdé parí," Olófòófó wí. "Àbá ti fìdí múlẹ̀."

Alága ti dìde kó tó wí tán. Ó gba ẹ̀yìn àga rẹ̀ jáde, kò wo ẹnikẹ́ni.

Mi ò rántí bí mo ṣe la àárín àga kọjá. Orúnkún mi gbá ilẹ̀ níwájú Ọ̀gá mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo ké. Mo di ìró rẹ̀ mú. "Ọ̀gá mi, òfin ni! Òfin ni o! Bí mo bá kúnlẹ̀ fún yín, ìbò mi kú, wọ́n á gé omi. Wọn ò jẹ́ kí n sọ fún yín. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò tó bẹ́ẹ̀ láéláé!"

"Mo mọ̀," ó wí.

Mo gbé ojú sókè.

"Mo mọ òfin náà. Ọkọ̀ ìjọba tó gbé mi wá, kò sẹ́ni tó ń wà á, òun nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀. Gbogbo òfin yín ló kà fún mi láti ẹnu ọ̀nà mi títí débí. Ẹni tó rán an rò pé arúgbó kì í fetí sí ẹ̀rọ."

"Ẹ mọ̀... ẹ mọ̀ kí ẹ tó wọlé?"

"Láti ojú ọ̀nà ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run. Mo ní, kí ọmọ yìí má kúnlẹ̀ o. Kó má kúnlẹ̀. Àṣà ló gbé mi dé iwájú ẹ, mò ń le mọ́ ẹ ni, mò ń wo orúnkún ẹ, mò ń wí nínú mi pé, dúró, Ìbírónkẹ́, dúró." Ó mí. "O sì dúró."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé..."

"Dákẹ́ ná. Nígbà tí o dúró, ó dùn mí wọra. Mo mọ ìdí ẹ̀, ó sì dùn mí bí ẹni pé mi ò mọ̀. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ yẹn, má rò pé ọgbọ́n kan ni. Ìbínú ni. Mo fẹ́ kó dun ìwọ náà."

Omijé ò jẹ́ kí n rí i dáadáa mọ́. "Ọ̀gá mi, ẹ forí jì mí."

"Kí ni kí n forí jì? O ò ṣẹ̀ mí." Ó na ọwọ́ sí Títílọ́pẹ́, ọmọ náà sì gbé e dìde jẹ́jẹ́, ó fún un ní ọ̀pá rẹ̀. "Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé o ṣẹ̀ mí ni, ǹ bá ti nà ọ́, á sì ti tán."

Ó gbọn ìró rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, Títílọ́pẹ́ dì í lápá. Ó ku díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà ló dúró, kò wẹ̀yìn.

"Má wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ yìí," ó wí. "Jẹ́ kó tán nínú mi ná."